Bí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn

Yábàá ní Èkó ni ìtàn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣẹ̀, kì í ṣe Ìbàdàn. Ní ọdún 1925, Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ikọ̀ oníwàádìí kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìdarí Dókítà Henry Beeuwkes, kí wọ́n lè wádìí ohun tí ó ń fa ibà pọ́njú, Yábàá sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ṣáájú àkókò yìí, Hideyo Noguchi, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń bá Rockefeller ṣiṣẹ́, ti kéde pé òun rí bakitéríà tí ó ń fa àrùn náà lára àwọn aláìsàn Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn oníwàádìí Yábàá wá bakitéríà yìí títí lára àwọn aláìsàn tiwọn, wọn kò rí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì gún un sára ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ara Asibi yá, ṣùgbọ́n ọ̀bọ náà kú. Láti inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ti fi hàn pé ohun tí ó ń fa ibà pọ́njú kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá; irú kòkòrò àrùn bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Stokes kó àrùn náà, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Lórí àìsàn ni ó wà tí ó ti ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun. Noguchi, tí ó wá sí Accra ní ilẹ̀ Gánà láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀, kú ikú ibà pọ́njú kan náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Fáírọ́ọ̀sì tí ó ti ara Asibi jáde ni Max Theiler tọ́ ní New York títí agbára rẹ̀ fi dín kù tí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Abẹ́rẹ́ yìí ni ó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951, òun náà ni a sì ń lò títí di òní.

Ikọ̀ Rockefeller kúrò ní Yábàá nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n ilé ìwádìí náà kò kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1991. Ní ọdún 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ọpọlọ àdán ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì fi orúkọ Èkó pè é nínú ìwé ìmọ̀. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìbátan àrùn dìgbòlugi ni.

Ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Orítamẹ́fà, iyẹn ní 1964, ìwádìí ti ń lọ ní pẹrẹu ní ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí Rockefeller tún ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Ottis Causey, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti darí irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Belém, lẹ́bàá igbó Amasónì ní Bùràsíìlì. Ìyàwó rẹ̀, Calista Causey, ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ní Belém ni wọ́n gbé wá sí Ìbàdàn, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni ó sọ irú ibi tí Ìbàdàn yóò jẹ́. Wọn kì í dúró de aláìsàn. Wọn a máa kó ẹ̀fọn, wọn a máa já eégbọn kúrò lára màlúù, wọn a máa dẹ pàkúté fún eku àti asín, wọn a sì máa gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ibà gbé wá sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ti gún ohun tí wọ́n kó wálé tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, wọn a gún omi rẹ̀ sí ọpọlọ àwọn ọmọ eku funfun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, wọn a wá máa ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Èyí tí ó bá ṣàìsàn nínú wọn ni ó ní ìròyìn lẹ́nu.

Àbájáde rẹ̀ kò kéré. Láàárín 1964 sí 1970, fáírọ́ọ̀sì 171 ni wọ́n rí lára ènìyàn ní Nàìjíríà, oríṣi 15 ni gbogbo wọn sì pín sí. Chikungunya, ibà pọ́njú àti dengue, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri gbogbo wọn, wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù. Mo rò pé èyí nìkan tó láti mú kí a tún ọ̀rọ̀ ibà gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ibà tí a máa ń tètè pè ní ibà ẹ̀fọn lásán ní ilé wa, ẹ̀fọn ni ó gbé e wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà tí a rò ni nígbà gbogbo. Lára eégbọn màlúù ní Ìbàdàn ni wọ́n ti rí èyí tí wọ́n sọ ní Dugbe ní 1964. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò Mọ́kọ́lá pè é, bí òun náà ṣe wọ inú ẹbí dìgbòlugi nìyẹn. Wọ́n ròyìn pé wọ́n rí i lára ọmọdé méjì ní Ìbàdàn kí ọdún 1971 tó parí, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ẹni tí ó bá ń ra ọjà ní Dùgbẹ̀ lónìí lè má mọ̀ pé orúkọ ọjà náà wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé.

Ní 1969, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Jos, àwọn ará Ìbàdàn, Donald Carey àti Graham Kemp lára wọn, sì lọ ṣèwádìí rẹ̀ pẹ̀lú Dókítà Jeanette Troup tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọ kan níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àrùn tí a kò mọ̀ rí pa nọ́ọ̀sì ajíhìnrere kan tí wọ́n gbé wá sí Jos láti abúlé Lassa. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ kú. Ẹ̀kẹta wọn ni wọ́n gbé lọ sí New York, ó sì yè é. Ní Yunifásítì Yale ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àrùn náà sì mú òṣìṣẹ́ méjì níbẹ̀, Jordi Casals tí ó yè é àti Juan Roman tí kò yè é. Nígbà tí ibà Lassa tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, àwọn ará Ìbàdàn ni ó lọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Dókítà Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń yẹ òkú aláìsàn kan wò, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún náà.

Títí di ìgbà yìí, ilé ìwádìí ni Ìbàdàn ní, kò tíì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní tòótọ́. Àwọn àjèjì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ ìwé ìwádìí jáde, ó sì di dandan kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n dájú. Lójú tèmi, ìgbà tí Rockefeller fi iṣẹ́ náà lé yunifásítì lọ́wọ́ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ gan-an. Akinyele Fabiyi di olórí, ilé ìwádìí wá di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lábẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè ọ̀mọ̀wé dá ọmọ Nàìjíríà lọ́lá níbẹ̀. Oyewale Tomori, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ní Zaria, gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní 1976 lẹ́yìn tí ó ṣèwádìí lórí fáírọ́ọ̀sì Orungo, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1981, ó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka náà láti 1984 sí 1991, ní àkókò tí owó ìwádìí gbẹ tí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan sì ń dá àwọn tí ó ní fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀rọ amúǹkandì lóró.

Festus Adu ló ṣe olórí ilé ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọdé wò fún fáírọ́ọ̀sì rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀ka náà. Nàìjíríà kò ní ju ilé ìwádìí méjì bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Maiduguri. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ẹ̀rí ti wá kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú fáírọ́ọ̀sì náà tí kò ti inú àjẹsára wá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ọdún kan náà ni wọ́n fi ẹ̀ka náà ṣe ibi àyẹ̀wò kòrónà. Tomori ní tirẹ̀ ti di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Redeemer's láti 2004 sí 2011, ibẹ̀ sì ni Christian Happi dá ibùdó ìwádìí jíìnì sílẹ̀ sí. Ibùdó yìí, ní Ẹdẹ, ni ó kọ́kọ́ ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì kòrónà jáde ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020.