Dáyódù Tó Pa Rádíò Lẹ́nu Mọ́

Bí èèyàn bá tẹ 146.520 MHz sórí rádíò alágbèéká tí àwọn oníháàmù, ìyẹn àwọn aráàlú tó gba láísẹ́ǹsì láti máa fi rádíò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ń lò ní Amẹ́ríkà, tó sì tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná pupa á tàn, ọ̀rọ̀ á lọ. Bó bá yí i lọ sí 155, á gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n tó bá tẹ bọ́tìnì, píìpù kan ṣoṣo ni rádíò máa dún. Kò ní ránṣẹ́. Etí rẹ̀ dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò gbé e. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti gbé fóònù lọ sí Computer Village rí kí wọ́n bá a ṣí i, kó lè gba síìmù mìíràn, ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó wà níbí.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rádíò ń tà á káàkiri ayé, òfin orílẹ̀-èdè kan kò sì bá ti èkejì mu. Ní Amẹ́ríkà, báǹdì mítà méjì, ìyẹn àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníháàmù, bẹ̀rẹ̀ láti 144 MHz, ó parí sí 148. Ní Yúróòpù àti Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, 146 ló parí sí. Nítorí MHz méjì, kò sẹ́ni tó máa ṣe bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé, wọ́n á wá fi àyè kéékèèké sílẹ̀ ní igun kan lára rẹ̀. Wọ́n á jó dáyódù, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, mọ́ àwọn kan, wọ́n á fi àwọn yòókù sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rádíò bá jí lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, á wo àwọn àyè yìí lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ní dáyódù, èyí kò ní. Àyè mẹ́rin péré ti tó fún àmì 16. Babaláwo kò ní yà lẹ́nu sí ìṣirò yìí, torí apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà ojú mẹ́rin ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, àmì 16 ló sì ń tibẹ̀ jáde. Àmì tí ṣíìpù bá kà ló máa sọ fún un bóyá Amẹ́ríkà ló wà tàbí Jámánì, àti ibi tó ti lè la ẹnu.

Àwọn oníháàmù Amẹ́ríkà ń pe yíyí àmì yìí padà kí rádíò lè ṣí ní MARS mod, orúkọ náà sì nídìí. MARS ni ẹgbẹ́ àwọn oníháàmù tó ń fi rádíò ran àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Civil Air Patrol, tí wọ́n ń pè ní CAP, ni àwọn aráàlú tó ń bá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n máa ń wá ọkọ̀ òfuurufú tó bá sọnù. Fíríkúẹ́ńsì wọn kò jìnnà sí báǹdì mítà méjì rárá. 148.150 tí CAP lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ọ̀nà báǹdì náà gan-an ló wà. Ẹni tó bá mú ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ wá, àwọn tó ń ta rádíò a máa bá a ṣí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó le. Ṣáájú ohun gbogbo, kí wọ́n kọ àwọn ìkànnì tó wà nínú rádíò sílẹ̀, torí rísẹ́ẹ̀tì máa pa gbogbo wọn rẹ́. Wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á tú sukúrúù, wọ́n á rọra ṣí ìdí rádíò, kí wáyà pẹlẹbẹ tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn má bàa já. Dáyódù tí wọ́n ń wá kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Láìsí dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ojú lásán kò lè fi í yàtọ̀ sí ẹnikejì rẹ̀. Àyọ́ọ̀nù tí ẹnu rẹ̀ mú ni wọ́n máa fi kan orí rẹ̀ méjèèjì, lẹ́ẹ̀dì á yọ́, wọ́n á fi ẹ̀mú gbé e kúrò. Bí àyọ́ọ̀nù bá pẹ́ jù níbẹ̀, bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ṣí tẹ̀lé e, ibi tí ọ̀pọ̀ rádíò ti kú nìyẹn. Ẹni tó bá sì pa á dé láìwo rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká dáadáa, kó má ròyìn mọ́ pé omi kò lè wọ rádíò òun.

Kí ló wá yí padà nínú rádíò? Kìlọ̀kìlọ̀ yẹn nìkan ló kúrò, ìyókù wà bó ṣe wà. Ẹ̀yà kan wà tó ń dá ìgbì sílẹ̀, fóltéèjì ló sì ń darí rẹ̀: bí fóltéèjì bá ń lọ sókè, ìgbì á máa yá sí i. Bí onígángan ṣe ń fún ọṣán kí ohùn ìlù lè ròkè ni. Ẹ̀yà mìíràn ń fi ìgbì yìí wé ti kírísítà kan tí kì í yẹ̀, á máa sọ fún un pé kó ròkè díẹ̀, kó wálẹ̀ díẹ̀, títí á fi bọ́ sójú ibi tí wọ́n ní kó wà. Ṣùgbọ́n ọṣán ní ibi tó lè fún mọ. Bí fóltéèjì bá ti dé òpin, ìgbì á máa ṣáko, ṣíìpù á rí i, á sì dá ìránṣẹ́ dúró, dáyódù wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o.

Asẹ́ tún ń bẹ níwájú. Rádíò tó ń ránṣẹ́ lórí 146 ń bí ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú, 292 àti 438, asẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ká ní wọ́n fipá mú un sọ̀rọ̀ lórí 70. Ìlọ́po rẹ̀ di 140, asẹ́ tó ń jẹ́ kí 146 kọjá kò sì lè mú 140 dúró. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbì kan á máa dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ níbòmíràn láìmọ̀. Ẹ́ríà, ọ̀pá tó ń fọ́n ìgbì sáfẹ́fẹ́, náà ńkọ́? Ìdámẹ́rin ìgbì 146 tó sẹ̀ǹtímítà 51, ti 174 kò ju 43 lọ. Ẹ́ríà tí wọ́n ṣe fún ti àkọ́kọ́ kò ní gba gbogbo agbára èkejì. Apá kan á padà sínú rádíò, á sì di ooru lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú.

Àwọn rádíò tuntun kò tiẹ̀ nílò àyọ́ọ̀nù mọ́. Nínú Baofeng UV-5R, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú iyè rẹ̀ ni ààlà náà. Wáyà kan àti kọ̀ǹpútà ti tó láti yí i. Ti Quansheng UV-K5 tún ju ìyẹn lọ, torí ṣíìpù BK4819 inú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ láti 18 dé 660 MHz, àti láti 840 dé 1300. Àwọn èèyàn kọ ètò tuntun sí i, etí rẹ̀ sì là gidi. Asẹ́ àti ẹ́ríà rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ní oṣù September 2018, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rádíò ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta irú rádíò tó lè ránṣẹ́ níbi tí wọn kò fọwọ́ sí i fún. Ṣíṣí rádíò kì í fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì. Àwọn kan máa ń ní àwọn fẹ́ kó wà ní ṣíṣí kí àwọn lè ké sí ọlọ́pàá lọ́jọ́ wàhálà. Àwáwí ni, torí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀ ti ń lo rádíò díjítà tí irú rádíò yìí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn awakọ̀ òfuurufú pẹ̀lú, láti 118 dé 137, AM ni wọ́n ń sọ, FM sì ni ẹnu rádíò yìí mọ̀. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé CAP gan-an kò gba rádíò háàmù tí wọ́n ṣí mọ́, ìlànà ìjọba lórí rádíò wọn ti le ju ohun tó lè dójú ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í dán rádíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wò lórí ẹ́ríà. Á so ó mọ́ ẹrù ohm 50 tí kì í jẹ́ kí ìgbì jáde, á gbé mítà sáàárín, á tẹ 144, 148, 152, á máa lọ bẹ́ẹ̀. Wáàtì á máa dínkù bó ṣe ń jìnnà sí ilé, títí tó fi máa dé ibi tí iná pupa ń tàn, tí abẹ́rẹ́ mítà kò sì mira.