Kò sẹ́ni tó ṣí ayé kẹrin n'Ífẹ̀ o: ìbéèrè àti ìdáhùn

Fídíò kan ń lọ káàkiri WhatsApp n'Ífẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágéré, nǹkan onílàínì ń yí lójú ẹ̀, ó ń wọnú ara ẹ̀, ó tún ń jáde, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti gbé ayé kẹrin kúrò nínú Windows lọ sínú Linux." Àwọn kan ti ń gbàdúrà, àwọn kan ń béèrè èló ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an?
Sọ́fítíwíà àtijọ́ kan tó ń fi nǹkan oníhà mẹ́rin hàn, tó jẹ́ pé Windows nìkan ló mọ̀, ni wọ́n tún ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Ó tán.

Ibo ni ìhà kẹrin (fourth dimension) tí wọ́n ń pè ní ayé kẹrin ọ̀hún wà?
Ẹ mú ojúàmì kan, ẹ fà á lọ, ó di ìlà. Ẹ fa ìlà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di onígun mẹ́rin. Ẹ fa ìyẹn lọ sókè, ó di kúùbù, irú dáìsì lúdò, igun 8, etí 12, ojú 6. Títí débẹ̀ ọwọ́ wa ṣì tó o. Àwọn onímáàsì wá ní ká tún fa kúùbù yẹn lọ sí ìhà kan tí kì í ṣọ̀tún, kì í ṣòsì, kì í ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn, òkè tàbí ilẹ̀. Ẹ má wá a kiri inú yàrá, kò sí níbẹ̀, inú ìṣirò ló wà: nọ́ńbà mẹ́ta la fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, àwọn kọ mẹ́rin. Ohun tó jáde ni wọ́n ń pè ní tesseract, igun 16, etí 32, kúùbù 8 ló sì yí i ká. Hinton, onímáàsì ará Ìlú Ọba, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1888, àmọ́ Schläfli, onímáàsì ará Switzerland, ti ṣírò ẹ̀ láàárín 1850 sí 1852, ó sì rí i pé irú nǹkan tó dọ́gba délẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ ní ìhà mẹ́rin. Kò rí kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀, wọn ò sì tẹ odindi iṣẹ́ náà jáde títí tó fi kú.

Ṣé àkókò kọ́ ni ìhà kẹrin ni?
Nínú físíìsì, bẹ́ẹ̀ ni. Níbí, rárá.

Kí wá là ń rí lójú kọ̀ǹpútà?
Òjìji ẹ̀. Nǹkan oníhà mẹ́ta, òjìji ẹ̀ pẹrẹsẹ lára ògiri ni. Ti oníhà mẹ́rin á jẹ́ oníhà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà á wá tún tẹ ìyẹn mọ́ ojú screen. Kúùbù kékeré tẹ́ ẹ rí tó ń di ńlá yẹn ò dàgbà rárá, ó ń yí ni, apá tó bá sún mọ́ wa ló ń tóbi lójú wa.

Kí ló wá le níbẹ̀? Wọn ò kàn lè fi flash kó o ni?
Rárá o. Fáìlì exe tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, gàrí ni, source code, ìyẹn ohun tí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà fọwọ́ kọ, ni ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ lè fi ṣe fùfú, ó lè fi ṣe láfún, àmọ́ gàrí tí wọ́n ti yan tán ò lè padà di ẹ̀gẹ́ mọ́. Ká ní source code ọ̀hún ti sọnù ni, kò ní sí fídíò kankan. Ìṣirò inú ẹ̀ kì í gbó, bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà mẹ́rin po láyé Schläfli náà ni lónìí. Ibi tó ti ń bá Windows sọ̀rọ̀ ló ń gbó, ibi tó ti ń ní kó bá òun ṣí fèrèsé, kó fa ìlà síbí, ta ló tẹ mouse, gbogbo ìyẹn ni wọ́n máa tún kọ torí ọ̀nà tí Linux ń gbà ṣe é yàtọ̀. Àwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò rò wá ń bẹ níbẹ̀ o: lójú Linux, fáìlì Cube.dat àti cube.dat kì í ṣe ọ̀kan náà, Windows ò bìkítà. Nínú C, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní long gba àyè byte 4 lórí Windows, ó gba 8 lórí Linux 64-bit, torí náà fáìlì tó dáa lọ́hùn-ún lè di wótowòto tó bá débí. Sọ́fítíwíà àtijọ́ míì sì wà tí kò ní ìdíwọ̀n eré, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ló ń falẹ̀ tó fi ń yí pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e sórí tòde òní, kò ní dúró jẹ́ kójú rí i.

Kò sí àbùjá ni?
Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Wine wà, láti 1993, ó ń jẹ́ kí exe ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ ń kúrò lórí Windows?
Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò sì lè gba Windows 11. Ẹni tí ò lówó kọ̀ǹpútà tuntun á wá nǹkan míì ṣe.

Ọmọ mi ń wò ó ṣáá, ṣé kò ní dà á lórí rú?
Tó bá pẹ́ níbẹ̀ ojú á máa ro ó, TikTok náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbààwẹ̀ torí ẹ̀, ẹ lọ jẹun.

Wọ́n fi link ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ayé kẹrin sórí fóònù mi ńkọ́?
Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ohun tí wọ́n ṣe fún Linux orí kọ̀ǹpútà kì í wá bí apk, fáìlì app fóònù Android. Tó bá tún wá ń tọrọ àyè láti ka SMS yín, OTP báǹkì ló ń wá, kúùbù ò nílò SMS ẹnikẹ́ni láti yí. Tẹ́ ẹ bá ti fi sórí fóònù, ẹ pa dátà, ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi fóònù míì pe báǹkì yín.

Sọ́fítíwíà àtijọ́ ni mo fi ń ṣírò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó. Ṣé wọ́n lè gbé tèmi náà?
Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá source code ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í nísinsìnyí tó ṣì ń gbé ìpè yín, kó tó japa. Tó bá fún yín, ẹ fi pamọ́ síbi méjì, kí méjèèjì má jẹ́ inú kọ̀ǹpútà kan náà. Tó bá ní ó ti sọnù, ẹ má bá a jà, ẹ tètè kó àkọsílẹ̀ ọjà yín jáde sínú Excel nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn ṣì ń tàn.