Ọmọ Ti Gba Láísẹ́ǹsì, Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi pé ọdún 18 láìpẹ́ yìí, ó sì ti gba láísẹ́ǹsì. Corolla mi ni yóò máa gbé láti Alágbàká lọ sí FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́. Ṣé mo ní láti ra ìnṣọ́ránsì mìíràn lórúkọ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ṣe ni owó tòun fò sókè nígbà tí òun fi orúkọ ọmọ sí i.

Ìdáhùn: Rárá o, sà. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, àmọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún. Níbí, ọkọ̀ ni third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń tún ti ẹni tí ọkọ̀ yín bá kọlù ṣe, so mọ́. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, ₦15,000 lọ́dún ni fún ọkọ̀ ilé, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà á, ì báà jẹ́ òun.

Ìbéèrè: Tó bá lọ kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì ní Ọjà Ọba ńkọ́?

Ìdáhùn: Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á tún ti onítọ̀hún ṣe, kò ní ju ₦3 mílíọ̀nù lọ. Bọ́ńpà tiyín tó já sílẹ̀, àpò yín ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá ti máa ń pariwo pé "ṣebí mo ní ìnṣọ́ránsì!" Comprehensive ló ń tún tẹni ṣe, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ọkọ̀: ọkọ̀ ₦6 mílíọ̀nù, ₦300,000 nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: bó bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ló wà á, èló lẹ máa yọ lápò kí wọ́n tó dá sí i? Àwọn kan máa ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ síbi tí ojú kì í dé.

Ìbéèrè: Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 16 náà mọ ọkọ̀ wà.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì bá ọkọ̀ jẹ́, iléeṣẹ́ lè kọ̀ láti tún un ṣe, comprehensive náà ì báà ṣe.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú ìwé?

Ìdáhùn: Èmi náà ti rà á rí, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìwé náà dán, òǹtẹ̀ méjì ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá mi dúró, wọ́n tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sórí fóònù, òfìfo ló jáde. Tí ẹ bá sanwó tán, ẹ lọ sórí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín síbẹ̀, kí ẹ rí i pé ó jáde kí ẹ tó na kọ́kọ́rọ́ sọ́mọ.