Ilẹ̀ Tí Epo àti Kẹ́míkà Ti Mu: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Onílẹ̀ Mọ̀ Kí Ó Tó Pe Onítípà

Bí Òṣogbo ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí wọn: ọgbà mẹkáníìkì tí wọ́n kó kúrò láàárín ìlú, ibi tí àwọn oníbátìrì ti ń da ásíìdì nù, ilé epo tí ó ti kógbá sílé, ọgbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí tí wọ́n ti ń kùn ún. Ẹni tí ó bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣàkíyèsí pé erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, pé ó ń rùn lẹ́yìn òjò, àti pé koríko kò hù ní apá kan rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀ńjíníà, típà mélòó ni yóò kó o tán?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú, nítorí pé ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, tí kò sì mọ ibi tí ó jìn dé, kò lè mọ iye típà, kódà, ó lè jẹ́ pé kò nílò típà rárá.

Ìdọ̀tí kẹ́míkà tí ń wọ ilẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ ni ti èyí tí ó lè jẹrà àti èyí tí kò lè jẹrà. Bẹntiróòlù, dísù, karosíìnì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí ó lè jẹrà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé nínú gbogbo erùpẹ̀, lè jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti rí afẹ́fẹ́, omi àti ajílẹ̀ tí ó tó. Ní ti òjé inú bátìrì, kádíọ́mù, kùrómíọ̀mù àti ásẹ́níìkì, kò sí kòkòrò tí ó lè jẹ wọ́n run. Òjé tí ó wọ ilẹ̀ lónìí yóò ṣì jẹ́ òjé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i kò ju kí ó kó o kúrò, kí ó dè é mọ́ ojú kan, tàbí kí ó bò ó kí ọwọ́ àti ẹnu má baà kàn án. Wàhálà ọgbà mẹkáníìkì ni pé àti èyí tí ń jẹrà àti èyí tí kì í jẹrà ló kún ibẹ̀: ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n dà sílẹ̀ ti kó síńkì, bàbà àti òjé mọ́ra nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn réwáyà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti tú bátìrì sórí ilẹ̀ kan náà.

Bí ilẹ̀ Òṣogbo ṣe rí náà ṣe pàtàkì. Orí àpáta àtayébáyé ni ìlú yìí wà, àpáta náà kì í sì í gba omi àyàfi ní ojú ibi tí ó bá ti sán. Ohun tí ó bò ó ni ilẹ̀ pupa, yangí, àti àpáta tí òjò àti oòrùn ti rà, èyí tí ó lè nípọn níhìn-ín kí ó sì fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Inú ìpele rírà yìí ni ọ̀pọ̀ kànga àfọwọ́gbẹ́ wa ti ń rí omi, inú rẹ̀ náà sì ni epo tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà yóò léfòó nígbà tí ó bá dé orí omi abẹ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, epo náà á bá a lọ sílẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ bí ó ti ń lọ. Nígbà òjò, omi á tún gbé e gòkè. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè rùn ní àsìkò kan kí ó má sì rùn ní òmíràn, tí onílé yóò fi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn kẹ́míkà tí ilé iṣẹ́ fi ń fọ gíríìsì kúrò lára irin wúwo ju omi lọ ní tiwọn. Wọ́n máa ń rì gba inú omi kọjá títí wọn yóò fi bá àpáta, wọn a sì wọ ojú ibi tí ó sán. Ibi tí mo bá ti gbọ́ pé wọ́n lo irú wọn, mo máa ń sọ fún onílẹ̀ ní gbangba pé ó lè sàn kí ó wá ilẹ̀ mìíràn rà.

Ìbéèrè ni iṣẹ́ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń wá àwọn tí wọ́n mọ ibẹ̀ rí kí wọ́n sọ ibi tí taǹkì wà, ibi tí wọ́n ti ń kun irin, àti ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Ìyá tí ó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì sábà máa ń mọ ibi tí wọ́n ń da omi dúdú sí ju ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní tiransifọ́mà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ rí, a ó béèrè nípa rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọ́ìlì tiransifọ́mà kan tí wọ́n ṣe kí ó tó di ìparí ọdún 1970 sí 1979 ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB nínú, èyí tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Òṣogbo tí a ti ń darí iná mànàmáná fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò lè sọ pé òun kò mọ tiransifọ́mà.

Lẹ́yìn èyí ni a ó mú irin ìgbẹ́lẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí wọ ilẹ̀. Ní ilé epo àtijọ́, bí ó ṣe sábà máa ń rí nìyí: erùpẹ̀ ìlàjì mítà àkọ́kọ́ á dúdú, á máa dán, á sì lẹ̀ mọ́ irin, ní nǹkan bí mítà kan, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí ti eérú tí ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, nítorí pé àwọn kòkòrò tí ń jẹ epo ti lo gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, pupa inú ilẹ̀ sì ti ṣí, ní mítà méjì, ilẹ̀ pupa á tún padà, ojú á sì fẹ́ gbà pé ó ti mọ́. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ gan-an ni òórùn bẹntiróòlù ti máa ń le jù. Inú ìgò gíláàsì tí ó ní ìdérí dídì ni a máa ń kó erùpẹ̀ náà sí, kí ó kún dé ẹnu, kí a sì tò ó sínú yìnyín títí yóò fi dé ilé àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n bá kó sínú ọ̀rá, epo tí à ń wá á ti fẹ́ lọ kí ó tó débẹ̀. A ó tún mú erùpẹ̀ láti ibi tí a mọ̀ pé wọn kò ṣiṣẹ́ rí ládùúgbò náà, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ ni ó ní irin díẹ̀ nínú láti ìpìlẹ̀, kò sì dára kí a gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti fọ ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ilẹ̀.

Kíkó erùpẹ̀ lọ dànù ní ibi tí ó dára fún, pàápàá bí ohun tí kò lè jẹrà bá kó jọ sójú kan tí kò jìn. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ olóró tí típà gbé kúrò nílẹ̀ yín tí ó lọ dà sí etí odò dà bí ilẹ̀ ilé tí ẹnì kan gbá dà sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin lórí irú èyí láti ọdún 1988, lẹ́yìn tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Kókò, ní apá ibi tí ó ti di ìpínlẹ̀ Delta lónìí, tú. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin náà là kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbé ìdọ̀tí aṣekúpani tàbí tí ó dà á sí orí ilẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ béèrè ibi tí erùpẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́ onítípà, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á. Bí kò bá lè sọ, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un.

Àwọn kan á ní kí a sáà tú ilẹ̀ ká pẹ̀lú katapílà, kí oòrùn pa á, kí a da ajílẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ògóni, ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ti dànù sí ní ìpínlẹ̀ Rivers, fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń mójú tó àyíká, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, wọ́n sọ pé ní ibi 49 ni wọ́n ti bá epo nínú erùpẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ tí kò dín ní mítà 5. Ní Ejama-Ebubu, epo tí ó dànù ní ohun tí ó lé ní 40 ọdún ṣáájú ìgbà náà ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe léraléra. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń tú. Ìsàlẹ̀ ni epo wà.

Bí epo nìkan bá ni ìṣòro, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún Òṣogbo ni kí a hú erùpẹ̀ náà, kí a kó o jọ ní òkìtì tí kò ga ju mítà kan sí méjì lọ, lórí ọ̀rá tí ó nípọn tí omi kò lè gbà kọjá, kí páìpù oníhò sì gba inú rẹ̀ kọjá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àwọn kòkòrò nílò oúnjẹ tí ó bára mu: fún ìwọ̀n 100 kábọ̀n inú epo, a máa ń wá bíi ìwọ̀n 10 náítírójìn àti ìwọ̀n 1 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa sì lè pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n tí ẹ ó fi fọwọ́ fún erùpẹ̀ náà tí yóò dì, ṣùgbọ́n tí omi kò ní kán. Oòrùn wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í sinmi ní Òṣogbo bí wọ́n ti ń sinmi nígbà òtútù ní ìlú òyìnbó. Òjò ni ọ̀tá: ẹ fi tapólì bò ó, nítorí pé òkìtì tí ó bá rẹ tán kò ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́. Dísù lè lọ sílẹ̀ gan-an láàárín oṣù mélòó kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí epo bá pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ náà, tí ó lé ní mílígíráàmù 50,000 nínú kílò kan, ó lè pa àwọn kòkòrò náà fúnra wọn, a ó sì kọ́kọ́ fi erùpẹ̀ mímọ́ lú u.

Ti òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn, ó sì pa ọmọ tí ó lé ní 400. Oògùn tí ń fa òjé jáde lára wà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ títí wọ́n fi fọ ilé wọn, nítorí pé ọmọ tí ó bá padà sórí erùpẹ̀ náà yóò tún jẹ ẹ́. Ní abúlé Bagega, ó di ọdún 2013 kí fífọ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ha erùpẹ̀ òkè kúrò, wọ́n ń rì í mọ́ inú kòtò tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ mímọ́ dípò. Àwọn ọmọdé ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù ní ibi tí wọ́n ti tú bátìrì rí, nítorí pé wọ́n ń ṣeré nílẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 400 nínú kílò erùpẹ̀ kan ni ìwọ̀n òjé tí wọ́n ń lò fún ọgbà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó mú un wá sí 200 ní ọdún 2024. Bí ó bá gbòòrò jù láti kó, ẹfun òkúta lílọ̀ lè pa ásíìdì bátìrì, kí òjé má baà máa bá omi rìn, fọ́sífétì, èròjà kan tí ó máa ń wà nínú ajílẹ̀, sì lè dè é. Ẹ ṣọ́ra bí ásẹ́níìkì bá wà níbẹ̀, nítorí pé fọ́sífétì tí ń de òjé máa ń tú ásẹ́níìkì sílẹ̀.

Àwọn kan ń polówó òdòdó sunflower pé ó ń fa òjé kúrò nílẹ̀. Ó ń fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjé bá pọ̀, ọmọ yín lè ti di bàbá ọmọ kí ó tó parí, ẹ ó sì tún ní láti wá ibi kó òdòdó náà sí. Kí ẹ tó mọ èsì àyẹ̀wò, ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú síbẹ̀. Òjò á ta erùpẹ̀ sára ewé, fífọ̀ lásán kò sì ní mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ parí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí kòtò títí wọn yóò fi mú erùpẹ̀ ìdí kòtò náà àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe, kí èsì sì dé ọwọ́ yín. Ẹ yẹ erùpẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dí i wò pẹ̀lú, nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi erùpẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì mìíràn dí kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kànga yín àti ti àwọn aládùúgbò ni kí ẹ yẹ̀ wò ní ìparí òjò àti ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún méjì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti bí omi ṣe jìn sí mọ́ èsì kọ̀ọ̀kan.