"Ọmọ gba 290 ní JAMB, ó ti wọlé": ìgbàgbọ́ tó ń já ọ̀pọ̀ òbí kulẹ̀

Gbàrà tí èsì JAMB bá jáde ni ayọ̀ máa ń gba àwọn ilé kan. Bàbá á fi máàkì ọmọ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, ìyá á dúpẹ́ nínú ìjọ, àwọn àbúrò ìyá á ti máa pe ọmọ ní dókítà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ó ku kí yunifásítì pè. Àfi ìgbà tí oṣù mélòó kan bá kọjá, tí ọmọ tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, tó gba 248, bá ń di ẹrù lọ sí Ìbàdàn, tí ọmọ tó gba 290 ṣì wà nílé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń dá ọmọ náà lọ́wọ́ kọ́.

Àwọn ọmọ SS3 ni mo ń kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an, torí ọmọ ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n á mú un kiri ilé àdúrà, wọ́n á fojú burúkú wo ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọmọ náà á sì máa rò pé nǹkan kan ń ṣe òun. Bẹ́ẹ̀, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìṣirò ni. Bí kì í bá ṣe ìṣirò, ìwé kan tí kò dé ibi tó yẹ ni.

Àwọn òbí tó wọ yunifásítì kí ọdún 2005 tó dé kò jẹ̀bi bí wọ́n bá ń ronú báyìí. Nígbà tiwọn, èsì JAMB àti ti WAEC ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wò, kò sí ìdánwò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2005 ni àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò tiwọn, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Post-UTME lónìí. Láti ìgbà náà ni máàkì JAMB kò ti dá ìpinnu ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá nílé là ń sọ fún ọmọ, ìdí nìyẹn tí ìgbàgbọ́ náà fi ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI). Wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, kó lè wá sórí 50. Wọ́n á fi 2 pín máàkì Post-UTME, òun náà á wá sórí 50. Wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 290 ní JAMB ní 36.25 lọ́wọ́. Bó bá fọkàn balẹ̀ jù, tó gba 52 nínú Post-UTME, 26 ni yóò fi kún un, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62.25. Ọmọ tó gba 248 ní 31 lọ́wọ́. Bó bá dojú kọ ìwé rẹ̀ lẹ́yìn JAMB, tó gba 74, 37 ni yóò fi kún un, àpapọ̀ jẹ́ 68. Máàkì 42 tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju èkejì lọ ní JAMB, tí gbogbo ilé fi ń yangàn, kò ju 5.25 lọ mọ́ nígbà tó dé Ìbàdàn. Máàkì 22 tí èkejì fi jù ú lọ nínú Post-UTME sì di 11. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀. Ní Yunifásítì Èkó, 50 ni ti JAMB, 30 ni ti Post-UTME, 20 sì jẹ́ ti èsì WAEC tàbí NECO. Èyí já sí pé A1 àti C6 kì í ṣe ẹgbẹ́ níbẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé a máa ń pe méjèèjì ní kírẹ́díìtì. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn òbí pé oṣù tó wà láàárín JAMB àti Post-UTME ni kí wọ́n ṣọ́ jù lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń dá owó lẹ́sìnnì dúró, tí wọ́n á rán ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èkó kó lọ sinmi.

Iye tí JAMB máa ń kéde lẹ́yìn ìpàdé ọdọọdún náà tún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ní 2025, 150 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún yunifásítì. Iye tó kéré jù tí ilé-ẹ̀kọ́ lè wò nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n fi ń wọlé. Medicine ní UI kò mọ 150 rí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, ó sì ń yí padà bí àwọn tó bèèrè fún un bá ṣe pọ̀ sí. Nínú yunifásítì ìjọba àpapọ̀, àyè náà tún pín: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó mókè jù láìka ìlú sí, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kà sí agbègbè rẹ̀, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Òǹdó, Èkìtì àti Èkó kò sí nínú 20 yẹn. Ọmọ Ọ̀ṣun tó bá lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní òkè ọya tí kò ka Ọ̀ṣun sí agbègbè rẹ̀ kò ní jẹ àǹfààní agbègbè níbẹ̀, inú 45 nìkan ni yóò ti bá gbogbo Nàìjíríà du àyè. Ó yẹ kí òbí mọ èyí kí ọmọ tó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa kíkọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, UI kì í gba ọmọ tó bá fi wọ́n ṣe ìkejì. Mo ti rí ọmọ tó gbọ́n bí nǹkan míì tó fi UI sí ipò kejì "kó kàn wà níbẹ̀". Kò wà níbẹ̀ rárá.

Ohun mìíràn tí máàkì ńlá kì í bò mọ́lẹ̀ ni àwọn iṣẹ́-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ọmọ yàn. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn, ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù sì jẹ́ 40 níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ka Medicine tàbí Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe Biology, Chemistry àti Physics. Bí ọmọ bá fi Mathematics rọ́pò Biology torí pé ó mọ̀ ọ́n jù, tó wá gba 300, 300 náà kò lè gbé e dé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kafé ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe yìí, ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ń yára torí èrò ń tò lẹ́yìn. Ẹ bá ọmọ yín dé ibẹ̀. Ẹ gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, kí ẹ kà á síwájú ọmọ kí ẹ tó kúrò.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé kafé, ọ̀rọ̀ kan wà tí òbí àti ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó sọ nílé. Kí ló fẹ́ kà, kí sì ni ẹ̀yin fẹ́ kó kà? Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, ó sàn kó hàn ní oṣù kejì ju kó hàn ní 200 level. Ọmọ tí kò lè rí ẹ̀jẹ̀ kó má dákú kò gbọ́dọ̀ máa kọ Medicine sórí fọ́ọ̀mù torí pé bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí dókítà fún ìdílé. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó dá sí i. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá fún òbí tó ń fi àìsùn wá owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn ọmọ ń ṣubú jù lọ láìmọ̀ ni CAPS. Láti 2017 ni JAMB ti ń lo ètò yìí, orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbaniwọlé ti ń jáde. Ìgbésẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ rí: ọmọ ní láti gbé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sórí JAMB, ní sẹ́ńtà CBT tí JAMB fọwọ́ sí. Kò tó pé ó ti gbé e sí ojú-òpó yunifásítì. Ọmọ tó ní A mẹ́fà nínú fáìlì nílé, tí kò gbé e sórí JAMB, awaiting result, ẹni tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde, ni JAMB ṣì kà á sí, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì lè fún un ní àyè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sórí rẹ̀ tán, ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tẹ C6 sí iwájú Chemistry ọmọ tó ní B3.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ CAPS wò lórí fóònù, ẹ tẹ desktop site nínú àwọn ohun tó wà lókè ojú ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá kan kò ní hàn. Bí àyè bá ti jáde, ohun méjì ni wọ́n á gbé síwájú ọmọ: Accept àti Reject. Títí tó fi máa tẹ Accept, kò tíì gbà á. Nígbà míì, kọ́ọ̀sì mìíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ gbé e sí, wọ́n á bi í bóyá ó fara mọ́ ọn. Kí ilé jókòó lórí èyí kí ọmọ tó tẹ ohunkóhun, ṣùgbọ́n kí ó má di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí àyè náà kì í dúró deni. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan nínú ilé-ẹ̀kọ́, tó ń gba owó lọ́wọ́ yín fún àyè tí kò hàn lórí CAPS, ẹ sá fún un. Àyè tí kò gba orí CAPS kọjá kò ní ìwé ìgbaniwọlé JAMB, wàhálà rẹ̀ á sì dúró de ọmọ ní ẹnu ọ̀nà NYSC.

Irú ìgbàgbọ́ kan náà tún máa ń tẹ̀ lé wa dé ọjọ́ ìkẹ́rù: pé ọmọ tó ti gba àyè ti ní bẹ́ẹ̀dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi púpọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá san owó ìgbàyè àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ló tó lè bèèrè fún bẹ́ẹ̀dì lórí ojú-òpó, bẹ́ẹ̀dì kì í sì í kárí. Bóyá họ́sítẹ́ẹ̀lì Mozambique ní Ifẹ̀ ni ẹ ní lọ́kàn o, bóyá Moremi ní Akọkà, ẹ má ra fóòmù tí yóò máa sùn lé títí ọmọ yóò fi mọ yàrá rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìta ló máa gbé, ní Agbowó tàbí ibòmíràn, ẹ fi ojú ara yín rí yàrá náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ béèrè omi àti iná lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń gbébẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ejẹ́ńtì.

Ẹrù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ páádì tó lágbára, báákẹ́ẹ̀tì, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba iná sára, gààrí, àwọn tó kù á wá. Fáìlì ìwé ló ṣe kókó: èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìgbaniwọlé JAMB, fọ́tò pélébé, ẹ̀dà mélòó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá há, tó sì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ bèèrè fún owó NELFUND, ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Kò ní èlé, wọ́n sì máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́. NIN àti BVN ọmọ ni wọ́n máa bèèrè, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsinsìnyí bóyá orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ bá ti JAMB àti WAEC mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí kò bá bára mu, ẹ lọ tún un ṣe kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí àtúnṣe NIN máa ń gbà ju ọjọ́ kan lọ.