Àtúnwò àti fífún ìjà ẹ̀ṣẹ́ àtijọ́ ní máàkì

Àtúnwò ìjà ẹ̀ṣẹ́ àtijọ́ ni kí olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbé fídíò ìjà tó ti parí tipẹ́ sílẹ̀, kó wò ó lábala-lábala, kó sì máa fún abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjèèjì ní máàkì bí ẹni pé òun gan-an ni onídàájọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo ìjà. Nígbà tó bá parí ni yóò wá fi èsì tirẹ̀ wé èyí tí wọ́n kéde lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó dùn jù bí ẹni mẹ́ta bá jọ ṣe é, nítorí onídàájọ́ mẹ́ta ló máa ń wà nídìí ìjà àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé Àbújá, láti Kubwa dé Nyanya, títí kan Mararaba tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Násáráwá, pálọ̀ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti tó fún un. Ohun èlò rẹ̀ kò ju fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, bírò, àti bébà kan tí wọ́n fa ìlà méjìlá sí, ìlà kan fún abala kọ̀ọ̀kan.

Aago wà lára ohun tó ń sọ àtúnwò di dandan níbẹ̀. Ìjà tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé ní New York, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú ni ní Àbújá, bí ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù bá ṣe wà lọ́hùn-ún. Ìrun àsùbáà ti ń súnmọ́ nígbà yẹn, ẹni tó sì ń lọ sí ìsìn àárọ̀ kò fẹ́ sùn lọ lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá tún lọ ní abala kẹsàn-án, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, èsì nìkan lèèyàn ń gbọ́ bílẹ̀ bá mọ́. Ìṣòro ni gbígbọ́ èsì ṣáájú, torí ojú ẹni tó ti mọ olúborí a máa rí ẹ̀ṣẹ́ olúborí ju ti ẹnì kejì lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì

Òfin tó gbòde ni ti máàkì mẹ́wàá. Ẹni tó bá borí nínú abala kan gba 10, ẹnì kejì gba 9 tàbí kó dín. Bí wọ́n bá gbá ẹnì kan lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 10-8 ló sábà ń jẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì nínú abala kan náà, 10-7. Rẹfirí lè ní kí wọ́n yọ máàkì lára ẹni tó ń rú òfin, bíi kó máa gbá ẹnì kejì nísàlẹ̀ ìgbànú. Abala tí kò ṣeé yà lè di 10-10, àmọ́ àwọn onídàájọ́ kì í fẹ́ lò ó, àwọn àgbà nídìí àtúnwò náà a sì máa kà á sí ìwà ọ̀lẹ.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ẹ̀ṣẹ́ tó bà gbọnmọ níbi tó yẹ, ìkọlù tó so èso, ẹni tó ń darí bí ìjà ṣe ń lọ, àti ọgbọ́n yíyẹ ẹ̀ṣẹ́. Àkọ́kọ́ yẹn ló wúwo jù. Ẹni tó ń rọ́ lu ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń bà, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwòran ti ń ṣìnà, pàápàá bí ariwo èrò bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má baà bá wọn kọ máàkì. Bí agogo bá sì ti dún, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ti abala náà sílẹ̀ kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. A kì í padà lọ pa á rẹ́.

Ìlà méjìlá kò tó fún ìjà tó ti pẹ́. Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjà ìgbànú àgbáyé tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1982, Ray Mancini gbá Duk Koo Kim ọmọ Kòríà lulẹ̀ ní abala kẹrìnlá, Kim sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àjọ WBC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń fúnni ní ìgbànú àgbáyé, dín tiwọn kù sí méjìlá, àwọn àjọ yòókù sì tẹ̀lé e. Nínú àwọn ìjà àtijọ́ kan ẹ̀wẹ̀, iye abala tí ẹnì kọ̀ọ̀kan borí ni wọ́n kà. Nígbà tí Joe Frazier na Muhammad Ali ní Madison Square Garden ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1971, 11-4, 9-6 àti 8-6-1 ni onídàájọ́ méjì àti rẹfirí kọ. 1 tó gbẹ̀yìn yẹn ni abala tó jẹ́ ọ̀mì. Frazier gbá Ali lulẹ̀ ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ abala kan péré ni ìṣubú yẹn jẹ́ nínú ìwé wọn. Ẹni tó bá fi máàkì mẹ́wàá kà á lónìí yóò rí i pé ó tọ́ sí Frazier ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣubú àti ìborí

Ohun tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù ni pé ẹni tó ṣubú lè borí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gídígbò: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá, kò sẹ́ni tó ń ṣírò nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú dambe àwọn Hausa náà. Ọwọ́ kan ni oníjà dambe ń fi okùn wé, mashi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọ̀kọ̀. Èyí tí kò wé ni garkuwa, asà. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnì kan bá kan ilẹ̀, kisa nìyẹn, wọ́n ti pa á, ó tán. Yorùbá tó dàgbà sí Sábọ́n Gàrì ní Kánò tàbí ní Sààríà, tójú rẹ̀ ti mọ́ dambe, á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n tún ń kà lẹ́yìn tí ẹnì kan ti wólẹ̀.

Ìjà tó dáhùn ìbéèrè yẹn jù ni ti Samuel Peter, ọmọ Akwa Ibom, àti Wladimir Klitschko ní Atlantic City ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Peter gbá Klitschko lulẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ní abala karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ní abala kẹwàá. Síbẹ̀, onídàájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ 114-111 fún Klitschko. Ó jọ ìrẹ́jẹ, àfi téèyàn bá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní abala karùn-ún jẹ́ 10-7 fún Peter, tí ẹ̀kẹwàá jẹ́ 10-8. Peter ti ní 20, Klitschko ní 15. Ó ku abala mẹ́wàá. Bí Klitschko bá mú mẹ́sàn-án nínú wọn, tí Peter mú ọ̀kan, 99 sí 91 ni. Bí a bá rò ó pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó di 114 sí 111 géérégé. Bí Peter bá mú méjì, Klitschko ṣì borí pẹ̀lú 113-112. Mẹ́ta ni Peter nílò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọ́n rẹ́ Peter jẹ gbọ́dọ̀ nawọ́ sí abala mẹ́ta tó borí yàtọ̀ sí àwọn tó ti gbá ọkùnrin náà lulẹ̀, iṣẹ́ yẹn kò sì rọrùn, nítorí ọwọ́ òsì Klitschko tó gùn kò jẹ́ kó ráyè súnmọ́ ọn.

Àwọn ìjà tí àríyànjiyàn wọn kò tán

Marvin Hagler àti Sugar Ray Leonard jà ní Las Vegas ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1987. Onídàájọ́ kan fún Hagler ní 115-113, èkejì fún Leonard ní 115-113, ẹ̀kẹta sì kọ 118-110 fún Leonard. Èèyàn lè gbà pé Leonard borí kó má sì gba 118-110 yẹn gbọ́. Hagler ló ń tẹ̀ síwájú, Leonard ló ń sáré, tó wá ń da ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ yàà bí abala bá fẹ́ parí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìkọlù á fún Hagler. Ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ́ tó bà á rọ̀ mọ́ Leonard.

Ti Pernell Whitaker àti Julio César Chávez ní San Antonio, ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, kò ní ìyapa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀mì ni wọ́n kéde, onídàájọ́ méjì kọ 115-115, ẹ̀kẹta fún Whitaker ní 115-113, àmọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn eré ìdárayá ló gbà pé Whitaker ló borí. Lennox Lewis àti Evander Holyfield náà ta ọ̀mì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1999.

Ọmọ ẹni nínú agbo

Ìjà Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, ló ń dán olùka máàkì tó jẹ́ Yorùbá wò jù. Ní Jeddah, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, onídàájọ́ kan fún Joshua ní 115-113, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù fún Oleksandr Usyk, 115-113 àti 116-112. Bí bébà ará ilé bá bá ti onídàájọ́ àkọ́kọ́ mu, wọn á ní ẹ̀jẹ̀ ló kọ ọ́.

Ìjà kan tí kò nílò bírò ni ti Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, àti Gene Fullmer ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ìjà ìgbànú àgbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó wà nígun Fullmer, ìyẹn àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ló dá a dúró lẹ́yìn abala keje. Ọ̀mì tí àwọn méjèèjì ta ní Las Vegas lóṣù Kejì ọdún yẹn ló yẹ kéèyàn fi bírò tọ̀.

Ti Òlíḿpíìkì yàtọ̀. Ní Seoul lọ́dún 1988, onídàájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún fún Park Si-Hun ní ìborí lórí Roy Jones nínú ìjà àṣekágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ka ẹ̀ṣẹ́ tó bà ní 86 ni ti Jones, 32 ni ti Park. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni ìjà náà, abala mẹ́ta, ìyẹn ló fi dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tàbí bí bátìrì fóònù bá ti ń lọ sópin.