Sóbò, Kán-ún àti Ọsàn Wẹ́wẹ́: Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Yí Padà Nínú Kọ́ọ̀bù

Ọmọ tó ń dàgbà nítòsí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta á ti rí aṣọ àdìrẹ tó jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn sì sọ ọ́ di búlúù. Ṣùgbọ́n sodà inú aró máa ń bó ni lára. Bí ọmọdé bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àwọ̀ padà nílé, sóbò ló yẹ ẹ́.

Ẹ da omi gbígbóná kọ́ọ̀bù kan sórí sóbò gbígbẹ ṣíbí ìjẹun 2. Tó bá di ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ sí ṣúgà tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó níbẹ̀. Ẹ bu omi là á títí ìka á fi hàn ní òdìkejì kọ́ọ̀bù. Bó bá ki jù, ojú ò ní rí ìyípadà kankan, ibí yìí sì ni púpọ̀ ti ń kùnà.

Ẹ po kán-ún gígún ṣíbí tíì kan mọ́ omi ìdajì kọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ da omi òkè sọ́tọ̀. Iyanrìn ló máa ń kù nísàlẹ̀.

Ẹ pín sóbò sí kọ́ọ̀bù 3. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìfiwéra. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkejì: á pọ́n sí i. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ wà. Ẹ máa fi ṣíbí tíì bu omi kán-ún sí i, kí ẹ máa rò ó. Sóbò fúnra rẹ̀ kan, nítorí náà ṣíbí àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn. Kán-ún ṣì ń pa kíkan rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà á di àwọ̀ àlùkò, á di búlúù, á sì di ewé. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí àwọ̀ náà á bàjẹ́, kò sì ní padà mọ́.

Kíá, ẹ fún ọsàn sí i. Á hó, á tún pọ́n. Ìfófòó yẹn ni gáàsì kan náà tó wà nínú ẹlẹ́rìndòdò. Bí kò bá hó dáadáa, omi kán-ún ṣàn jù. Ẹ ju ègé kán-ún kékeré sínú omi ọsàn lásán, ẹ ó rí i. Ẹ má ṣe é nínú ìgò tí a dé pa, ó lè bẹ́. Kí ọmọ má tọ́ ọ wò, kó má sì fọwọ́ kán-ún nu ojú.

Tí ọwọ́ ọmọ bá ti mọ́ ọn, ẹ fi omídùn ògì dípò ọsàn, kó máa ka ṣíbí: á gbà ju ti ọsàn lọ kí àwọ̀ ewé tó padà di pupa.